Ẹni Tó Wúkọ́ Nílé Odette

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ẹ má tíì kó kọ́kọ́rọ́ yín sínú agbọ̀n yìí. Mo mọ̀ pé oúnjẹ ń tutù, mo sì mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti di ẹrù sínú ọkọ̀ tán, tí wọ́n fẹ́ mú ọ̀nà Québec pọ̀n kí oòrùn tó mú. Ọdọọdún la máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ará ìlú òtútù tí ẹ ń wá yá oòrùn níbí á jẹun ìdágbére, ẹ ó ju kọ́kọ́rọ́ fúláàtì yín sínú agbọ̀n, ẹ ó pàtẹ́wọ́ fún Bàbá Kọ́kọ́rọ́, ẹ ó sì fi í sílẹ̀ létí òkun yìí kó máa ṣọ́ fèrèsé yín títí ìgbà ìjì yóò fi kọjá. Èmi Emmett Sprague ni Bàbá Kọ́kọ́rọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n lónìí, kí ọwọ́ mi tó kan kọ́kọ́rọ́ ẹnikẹ́ni, òtítọ́ kan wà tó gbọ́dọ̀ ti ẹnu mi jáde. Dókítà ti sọ fún mi pé ọkàn mi yìí kò ní bá wa dé ìgbà ìjì mìíràn, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ ilẹ̀ lọ.

Ìwọ Rogelio, ìwọ ni mo ń bá wí jù. Mo rí kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ. Ti fúláàtì ìyá rẹ ni. O sọ fún mi láàárọ̀ yìí pé o ti rí ẹni tó máa rà á, pé ọ̀la lo máa tọwọ́ bọ̀wé, pé kí n bá ọ fi kọ́kọ́rọ́ náà lé onílé tuntun lọ́wọ́. Bí o bá tọwọ́ bọ ìwé yẹn, Hortensia kò tún nílé tó lè padà sí láyé yìí mọ́. Gbogbo wa níbí la jọ gbà pé orí ìyá rẹ ti dàrú. Ìdí nìyẹn tó fi wà níbi tó wà, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí nọ́ńbà ń ṣí, tí wọn kò sì sọ nọ́ńbà ọ̀hún fún un. Jọ̀ọ́, jókòó. Gbọ́ mi tán kí o tó bínú. Orí ìyá rẹ kò dàrú. Ohun tó ń sọ látọjọ́ yìí, bó ṣe rí gẹ́lẹ́ ló ń sọ ọ́. Èmi ni mo sọ ọ́ di wèrè, mo mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é ni.

Odette, ìwọ náà fetí sílẹ̀, torí inú ilé rẹ ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Fernand ọkọ rẹ wà láyé, òun ló kọ́kọ́ fi àbò fèrèsé oníbọ́tìnnì sí ilé yìí. Àwa yòókù á máa làágùn níbi tí a ti ń fi ọwọ́ fa irin tiwa, Fernand á jókòó sórí àga rẹ̀, á tẹ bọ́tìnnì, irin á máa sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, á wá yíjú sí mi, á ní, 'Emmett, wò ó, mi ò dìde o.' Nígbà tó kú, o fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. O ní kí n máa wọlé bomi rin òdòdó, kí n sì sọ àbò kalẹ̀ bí ìjì bá ń bọ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní mo gbọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo yín lẹ mọ fúláàtì tèmi. Ìsàlẹ̀ ló wà, ibi ìgbọ́kọ̀sí ló kọjú sí. Bí mo bá ṣí fèrèsé, èéfín ọkọ̀ ló ń kí mi káàárọ̀. Tìrẹ wà lókè karùn-ún, òkun ló tẹ́ rẹrẹ níwájú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ bomi rin òdòdó tán, mo ní kí n jókòó díẹ̀ sórí àga Fernand. Díẹ̀ yẹn ló di ojoojúmọ́. Kò pẹ́, mo ń wọ sálúbàtà rẹ̀. Kò pẹ́, mo ń sùn síbẹ̀. Bí ẹ bá ti lọ lóṣù kẹrin báyìí, èmi náà á kó lọ sílé Odette, n óò máa jayé ẹni tí kì í ṣe èmi títí ẹ ó fi dé. O rántí ọdún tí o bi mí pé kí ló ń jẹ oyin igi, omi dídùn inú igi tí o gbé wá láti Québec? Mo ní èèrà ni. O gbà. Èèrà wo ló ń yí ìdérí ìgò, Odette? Ẹ rẹ́rìn-ín bó bá pa yín lẹ́rìn-ín, torí ibi ẹ̀rín mọ nìyí.

Ọdún tó ṣáájú èyí tó kọjá ni ìjì ńlá yẹn wá. Ẹ̀yin ti wà ní Québec, ẹ̀ ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọlọ́pàá ti kọjá tán pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé kí gbogbo ará etíkun kó jáde. Mo ń lọ láti fúláàtì dé fúláàtì, mo ń ti fèrèsé yín. Ọ̀pọ̀ àbò ló ti dípẹtà tí bọ́tìnnì wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀pá irin tí a fi ń yí i lọ́wọ́ ni mo fi ń sọ wọ́n kalẹ̀. Ọ̀pá ti Odette ló dára jù, òun ni mo mú kiri. Wilmer, òṣìṣẹ́ ilé wa tó jókòó yìí, ń tẹ̀ lé mi, ó ń fi páànù bo ẹnu ọ̀nà àwọn tí kò sí nílé, ó ń di nọ́ọ̀tì rẹ̀ láti ìta. Ọmọbìnrin mi Lorna ń pè mí ṣáá pé ṣé mo ti dé ilé ìwé tí ìjọba ní ká sá lọ. Mo ní mo ti ń lọ. N kò ní in lọ́kàn rárá. Mo ti sùn nílé ìwé yẹn rí nígbà ìjì kan, láàárín ajá àti ọmọ tó ń sunkún àti ọkùnrin kan tó ń hanrun bí ẹni ń fa igi gbígbẹ nílẹ̀. Àga Fernand ló wà lọ́kàn mi, lẹ́yìn irin Fernand tí ìjì kankan kò tíì borí.

Ìwọ náà pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Rogelio. O wà ní Atlanta, gbogbo ọ̀nà ti dí, o kò lè wá. O ní, 'Don Emmett,' bí ẹ ṣe ń fi ọ̀wọ̀ pe àgbà lédè yín, 'ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rí i pé Màmá wọ bọ́ọ̀sì. Agídí wọn pọ̀, àmọ́ wọ́n máa ń gbọ́ tiyín.' Òótọ́ lo sọ, ó máa ń gbọ́ tèmi. Mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Odette, lẹ́ẹ̀kan. Kò dáhùn. Mo mọ Hortensia dáadáa. Ẹni tó kúrò ní Cuba nínú ọkọ̀ ojú omi kékeré kì í bẹ̀rù afẹ́fẹ́, bí kò bá sì fẹ́ lọ, inú yàrá ni yóò wọ̀, tí yóò panu mọ́ bí ọmọdé tó jí ẹran jẹ. Ó yẹ kí n lo kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ó yẹ kí n wọlé, kí n ti gbogbo fèrèsé rẹ̀, torí àbò ojú òkun tirẹ̀ tí a ń fọwọ́ fà ti há láti ìgbà tí ẹ ti lọ, ó sì ti bẹ̀ mí kí n bá a fi epo sí i, mo ní, 'Ọ̀la, Hortensia.' Ọ̀la yẹn kò dé. Mo gbé fóònù, mo sọ fún ọ pé, 'Ọkàn rẹ balẹ̀, mo fi ojú ara mi méjèèjì rí i nígbà tó wọ bọ́ọ̀sì.' O dúpẹ́ títí o fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo sì gba ọpẹ́ náà.

Báyìí ni mo wọlé Odette. Mo tẹ bọ́tìnnì, irin sọ̀ kalẹ̀ lójú gbogbo fèrèsé, ọ̀sán di òru. Inú mi dùn. N kò tíì bọ́ bàtà tán tí mo gbọ́ Wilmer lẹ́nu ọ̀nà, ó ń súfèé, ó gbé páànù lé ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di nọ́ọ̀tì. Ó yẹ kí n pariwo pé èèyàn wà níbí. Ṣùgbọ́n kí ni n óò sọ pé mò ń wá? Bí mo bá sọ̀rọ̀, Wilmer á mọ̀, bí Wilmer bá mọ̀, gbogbo ilé ti mọ̀ nìyẹn. Má bínú, Wilmer, o mọ ara rẹ. Mo sọ lọ́kàn mi pé kó máa dì í, pé bí ìjì bá lọ, n óò yí àbò bákónì sókè, n óò sì rí ọ̀nà dọ́gbọ́n jáde. Mo gbọ́ bí ó ṣe lọ. Mo gbọ́ bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe lọ. Lẹ́yìn náà iná lọ. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn aṣọ fèrèsé, níbi tí ọ̀pá ìyípo Odette máa ń wà. Kò sí níbẹ̀. Mo wá rántí pé lókè kẹfà ni mo gbàgbé rẹ̀ sí, nínú fúláàtì tí mo tì kẹ́yìn. Èmi tí mo máa ń bá yín wí lọ́dọọdún nídìí agbọ̀n yìí pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ àbò kalẹ̀ láìsí ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀, pé irin tó ń dènà ìjì kì í mọ ẹni tó wà nínú yàtọ̀ sí ẹni tó wà níta. Iwájú, irin. Ẹ̀yìn, páànù. Mo fi ejìká ti ilẹ̀kùn títí ejìká fi wú. Mo jókòó sórí àga Fernand, n kò sì rí òkun kankan.

Ìjì náà dé ní ojúmọ́ kejì. N kò lè ṣàlàyé ariwo rẹ̀ fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Ilé ń mì, irin ń lu ara rẹ̀, omi inú ìgò ń jó lórí tábìlì. Mo ní sítóòfù gáàsì kékeré kan, mo fi se kọfí. Ibi tí mo ti ń mu ún ni mo ti gbọ́ gíláàsì tó fọ́ ní ìhà kejì ògiri. Lẹ́yìn rẹ̀ mo gbọ́ igbe obìnrin. Ilé Hortensia ni. Irọ́ tí mo pa fún ọmọ rẹ̀ wá dúró síwájú mi. Ó ti gbìyànjú láti fa àbò tó há yẹn, afẹ́fẹ́ já fèrèsé gbà á, ó gbé e ṣubú, eegun ìbàdí rẹ̀ sì kán. Ìyẹn n kò tíì mọ̀ nígbà náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó ń kérora lẹ́bàá ògiri, ó súnmọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbọ́ èémí rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá sinmi díẹ̀. Ìgbà yẹn ni ikọ́ tí ẹ mọ̀ mí mọ́ yìí gbé mi. Mo fi ìrọ̀rí bo ẹnu. Ó ti bọ́.

Hortensia ní, 'Ta nìyẹn? Odette, ṣé o ti dé ni?' N kò fọhùn. Ó ní, 'Mo gbọ́ ikọ́ yín. Mo ń gbóòórùn kọfí. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè dìde.' N kò fọhùn. Sísọ̀sì aṣọ rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀yin náà mọ sísọ̀sì Hortensia, òun ló fi gé aṣọ fèrèsé gbogbo yín. Ó fi ìdí rẹ̀ kan ògiri lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dúró. Ó tún kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó tún dúró. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Bí mo bá dáhùn, á mọ ohùn mi. Á bi mí pé kí ni mò ń ṣe níbẹ̀. Ìwọ Rogelio á mọ̀ pé n kò rí ìyá rẹ níbi tó ti wọ bọ́ọ̀sì kankan. Odette á mọ ẹni tí í ṣe èèrà. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ṣùgbọ́n ikú ti ara ẹni ni àwọn àgbà ń wí o. Ti ẹlòmíràn ni èmi fi ń sá fún ẹ̀sín tèmi. Nígbà tó yá, ó sọ ohun kan tí n kò lè gbàgbé. Kò pariwo rárá. Ó ní, 'Ẹni yòówù kẹ́ ẹ jẹ́, mi ò ní kẹ́ ẹ wá gbé mi. Mo mọ̀ pé ìjì wà níta. Ẹ ṣáà kan ògiri padà, kí n mọ̀ pé mi ò dá wà.'

Mo dìde. Mo lọ bá ògiri. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo ti ká ìka. Bí mo ṣe dúró nìyẹn, títí apá fi ń ro mí. Mo sì sọ ọwọ́ náà kalẹ̀.

Bí afẹ́fẹ́ ti rọlẹ̀, fóònù mi rí ìsopọ̀ díẹ̀. Mo pe àwọn tó ń gbani nínú ewu. Obìnrin kan gbé e, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní ìyá àgbà kan ṣubú. Ó ní kí ni orúkọ mi, ibo ni mo ti ń pè, báwo ni mo ṣe mọ̀. Ìbéèrè mẹ́ta tí ọmọdé lè dáhùn. Mo pa fóònù náà, mo sì yọ bátìrì rẹ̀ kí wọ́n má bàa pè mí padà. Hortensia ń kan ògiri di ọjọ́ kejì. Ó ń kàn án, ó ń dúró. Kíkàn náà ń rọlẹ̀ sí i, ìdúró náà ń gùn sí i. Mo wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ Fernand, mo fi kóòtù rẹ̀ di etí, mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Wilmer ló kọ́kọ́ padà dé. Mo gbọ́ tó ń tú nọ́ọ̀tì ẹnu ọ̀nà ilé Odette, páànù ṣubú, lẹ́yìn náà ni Hortensia kan ògiri, Wilmer sì sá lọ bá a. Mo kó sítóòfù àti ife sínú àpò, mo ṣí ilẹ̀kùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo gba ọ̀nà àtẹ̀gùn dé ìsàlẹ̀, mo wá tún un gùn pẹ̀lú ariwo bàtà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé dé. Ṣé ẹ rántí pé ẹ yìn mí? Wilmer sọ fún yín pé bí òun ṣe ní kí òun pariwo báyìí ni Don Emmett yọ, àgbà tó sáré gun àtẹ̀gùn, tó di Hortensia lọ́wọ́ mú títí ọkọ̀ aláìsàn fi dé. Òótọ́ ni, mo dì í lọ́wọ́ mú. Ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ó wo Wilmer, ó ní, 'Ẹnì kan wà nílé Odette. Ó wúkọ́.' Ikọ́ tún ń gbé mi lójú ẹsẹ̀, mo gbé e mì títí omi fi dà lójú mi. Wọ́n rò pé àánú ló ń ṣe mí.

Ní ọsibítù, kò yí ohùn padà. Ó sọ fún dókítà, ó sọ fún nọ́ọ̀sì, ó ń fi ìka kan ògiri ẹ̀gbẹ́ ibùsùn láti fi bó ṣe rí hàn wọ́n. Ìwọ Rogelio dé láti Atlanta, o bi Wilmer. Wilmer ní òun fi ọwọ́ òun tú gbogbo nọ́ọ̀tì páànù náà, kò sí ọ̀kan tó yẹ̀. O wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojú rẹ ti wú. O ní, 'Don Emmett, ẹ̀yin lẹ ni kọ́kọ́rọ́. Ṣé ẹnì kan lè wà níbẹ̀?' Ẹyin lohùn, ó ti bọ́ nígbà kan, mo tún wá ju òmíràn. Mo ní kò sí ẹ̀dá alààyè kankan níbẹ̀, pé afẹ́fẹ́ ló gbọ́. O ní, 'Ẹ sì sọ pé ẹ rí wọn tí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì.' Mo ní mo rí i, pé ó ní láti jẹ́ pé ó tún sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí n kò wò ó mọ́. Ó yẹ kí n dákẹ́ níbẹ̀. Rárá. Mo gbé ọwọ́ lé ọ léjìká, mo ní n kò fẹ́ máa sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń kíyè sí i. Pé mo bá kọ́kọ́rọ́ nínú fìríìjì rẹ̀. Pé ó ti pè mí ní orúkọ baba rẹ lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn ò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹnikẹ́ni ò sì bi mí o. Èmi ni mo hun ún lójú ẹsẹ̀, kí ọ̀rọ̀ ikọ́ yẹn lè wọlẹ̀ pátápátá. Ìwọ lo lọ sọ ọ́ fún dókítà. Ẹ̀rí àgbàlagbà aládùúgbò ni wọ́n kọ sílẹ̀. Bí eegun ṣe ń jinná, ilé ìtọ́jú ni wọ́n gbé e lọ tààrà, apá ibi tí ilẹ̀kùn ń tì.

Wilmer, jẹ́ kí Rogelio wà ní ìdúró bí kò bá lè jókòó. Rogelio, ó kù díẹ̀. Èyí tó burú jù ló kù.

Mo ń lọ kí i. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ tún ń yìn mí fún ìyẹn náà. Àwọn nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé àìsàn rẹ̀ ni pé lálẹ́ bí ó bá fẹ́ sùn, á kan ògiri lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á dúró, á sì máa fetí sílẹ̀. Adití ni ẹni tó wà ní yàrá kejì. Lọ́jọ́ kan, ó dá mi jókòó, ó sé ilẹ̀kùn. Ó wẹ̀, ó ya irun, ó ti múra sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, 'Emmett, gbogbo wọn ń dá mi lóhùn bí ọmọdé. Rogelio gan-an kì í wojú mi mọ́. Ìwọ nìkan ni mo lè bi. O kì í purọ́ fún mi. Ohunkóhun tí o bá sọ, òun ni màá gbà. Ṣé ẹnì kan wà nílé Odette lọ́jọ́ yẹn?'

Ilẹ̀kùn ti sé. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ wa. Bí mo bá sọ fún òun nìkan, bóyá ì bá tilẹ̀ bò mí láṣìírí, torí irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn. Mo wojú rẹ̀. Mo ní, 'Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, Hortensia.'

Kò sunkún. Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó tẹ́ ọwọ́ sórí itan, ó ń wò ó bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Ó ní, 'Ó dáa. A jẹ́ pé orí mi ti dàrú lóòótọ́ nìyẹn. O ṣeun tí o sọ fún mi.' Ó sì dìde, ó ṣílẹ̀kùn fún mi bí ẹni ń sin àlejò. Láti ọjọ́ náà kò kan ògiri mọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ní ara rẹ̀ ti balẹ̀, pé oògùn ti ń ṣiṣẹ́. Oògùn kọ́. Ìjì yẹn fọ́ fèrèsé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mú orí rẹ̀ lọ. Èmi ni mo wọlé tọ̀ ọ́ ní ọ̀sán gangan, tí mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wò mí dáadáa. Láti ọjọ́ tí Wilmer ti tú nọ́ọ̀tì yẹn, n kò tíì jáde nílé Odette. Mo ń bá yín jẹun, mo ń bá yín ṣe àwàdà, inú òkùnkùn yẹn ni mo wà, ọwọ́ mi ṣì gbé sókè lẹ́bàá ògiri. Odette, mo rí omi ojú rẹ. N kò ní bẹ̀ ọ́ nítorí oyin igi àti sálúbàtà, wọ́n kéré. Mo bẹ̀ ọ́ nítorí pé mo fi ilé Fernand ṣe ohun tí Fernand kò jẹ́ ṣe láé. Ẹ̀yin tó kù, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ yín sápò. Bí ẹ bá fẹ́ gbé agbọ̀n yìí fún Wilmer, ẹ gbé e fún un, ó tọ́ sí i. Wilmer, ọmọ mi, ohun kan ni mo fẹ́ kí o mú lọ́dọ̀ mi: kí o tó di páànù mọ́ ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni, kan ilẹ̀kùn, pariwo, kí o sì dúró gbọ́ èsì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn, bí ẹ bá wà níbi tí kò yẹ kí ẹ wà, tí ẹnì kan sì ké sí yín, ẹ dáhùn. Ẹ̀sín ò pa èèyàn. Mo ti dàgbà tó báyìí kí n tó mọ̀ ọ́n.

Rogelio, n kò bẹ̀ ọ́ kí o forí jì mí. Bí o bá fẹ́ gbá mi létí níwájú gbogbo èèyàn yìí, ojú mi nìyí. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí o mú kọ́kọ́rọ́ ìyá rẹ yẹn padà sápò, kí o má fọwọ́ sí ìwé kankan lọ́la. Gbogbo ohun tí mo sọ yìí, mo ti ṣetán láti tún un sọ níwájú dókítà àti adájọ́. N kò lè bá ọ lọ lónìí, àyà mi kò jẹ́, rírí ojú rẹ̀ kò sì tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n máa lọ, ọmọ mi. Máa lọ báyìí, fi oúnjẹ yẹn sílẹ̀. Bí o bá dé ibẹ̀, má retí pé yóò kan ògiri, torí kò gbà gbọ́ mọ́ pé ẹnikẹ́ni wà ní ìhà kejì. Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ kàn án. Dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí o dúró. Bí kò bá dáhùn, tún kàn án. Má ṣe sọ ọwọ́ rẹ kalẹ̀.